Súwẹ́tà, Aṣọ tí Í Kí Ẹni tí Ó Wọ̀ Ọ́

Bí oṣù Kejìlá ọdún bá ti wọlé, tí àgbàdo ti tán lóko, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà sì ti gbẹ débi pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yóò máa dún bí ẹni ń rún gúgúrú lẹ́nu, àlejò kan a máa ti òkè Ọya wá tí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ akunni-lẹ́fun-láìbọ-Ọbàtálá; ọyẹ́ tí í la ètè ọba bí ó ti í la ètè ìwọ̀fà; ọyẹ́ tí í mú kí ọkùnrin mẹ́ta tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti èṣín jókòó yí iná kan ṣoṣo ká. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń gbéra. Ekuru tí ó ń kó wá, èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń nù kúrò lórí àga láàárọ̀ tí wọ́n sì tún ń bá níbẹ̀ lọ́sàn-án, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti inú kòtò gbígbẹ ńlá kan tí à ń pè ní Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ẹni tí ń gbé Èkó lè fi ọyẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé òkun ń gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ṣakí, ní Kíṣí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí igbó ti jọ̀wọ́ ilẹ̀ fún ọ̀dàn, òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù bá ṣí àpótí rẹ̀ ni a máa ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé tòótọ́. Àbúrò bàbá tí ó bí mi ni. Ó lọ sí ìlú òyìnbó ní 1961, ó padà dé ní 1966, ó sì fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìlú tí ó lo ọdún márùn-ún péré nínú rẹ̀. Nínú àpótí onípáànù náà, lábẹ́ àwọn ìwé rẹ̀, láàrin òórùn káńfọ̀, ni kádígáànì aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà. Bọ́tìnnì márùn-ún ni ó ní, awọ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n sì rí róbótó bí bọ́ọ̀lù tí a ṣe fún èèrà láti máa gbá. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti já rí, ẹnì kan sì ti fi òwú pupa dí i, ojú kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń fi koríko tuntun bo òrùlé àtijọ́. Bàbá á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, á ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, á de bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí kò sì dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnikẹ́ni nínú wa, pé, "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o."

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé bàbá ń kí kádígáànì ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé èsì ni ó ń fọ̀, pé kádígáànì ni ó kọ́kọ́ kí i.

Àwa Yorùbá mọ iyì aṣọ. A ní sányán ni baba aṣọ. A ní àlàárì. A ní ẹtù, tí òun àti ẹyẹ kan jọ ń jẹ́ orúkọ kan. A sì ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ẹ wo òwe yẹn dáadáa. Kò sí ibi tí ó ti mẹ́nu kan ẹni tí ó wọ aṣọ náà. Àwọn tí ń bọ̀ lọ́nà ni ó ń bá wí. Ọkùnrin tí ó gbé agbádá òfì wọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ ìyàwó, tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí odò Ògùn nígbà òjò, kò jẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀, nítorí pé aṣọ náà kì í ṣe ti ara rẹ̀ mọ́, ti ojú ayé ni. Àwa ni ó ń bá rù ú. Súwẹ́tà kò mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti erùpẹ̀ tàbí ti eérú, kì í dán, kì í dún, ó sì máa ń sọ ẹni tí ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ẹni tí ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán àjẹyó. Síbẹ̀, ẹ wo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́: èjìká rẹ̀ tí ó ti sún mọ́ etí yóò sọ̀ kalẹ̀, eyín rẹ̀ tí ń gbá ara wọn yóò dákẹ́, yóò sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a dáríjì. Aṣọ tí ń kí ojú ayé pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí tí ń kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, amúniláàgùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn eléré ìdárayá a máa wọ̀ ọ́ nígbà kan rí kí òógùn lè jáde lára wọn. Orúkọ náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé iná wà nínú súwẹ́tà. Iná kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ fi súwẹ́tà tí ó nípọn jù lọ wọ òkúta lóru ọyẹ́, kí ẹ padà wá láàárọ̀: òkúta yóò tutù bí ó ti ń tutù láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀. Ẹ fi í wé yìnyín, yìnyín náà yóò pẹ́ kí ó tó yọ́; ọgbọ́n yìí ni àwọn tí ń ta omi dídì lójú ọ̀nà ń lò nígbà tí wọ́n bá fi àpò bo yìnyín wọn kí oòrùn má baà rí i. Iṣẹ́ súwẹ́tà kò ju iṣẹ́ oníbodè lọ. Ooru tí ẹ fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣe nínú ara yín ni ó ń dí lọ́nà pé kò gbọdọ̀ lọ.

Irun àgùntàn ni a bí fún iṣẹ́ yìí. Irun náà kò gún, ó ká kò bí irun orí ọmọ tuntun, nítorí bẹ́ẹ̀ kò lè sùn ti ara wọn tímọ́tímọ́. Afẹ́fẹ́ a máa há sáàrin wọn, afẹ́fẹ́ tí ó bá sì há, tí kò rí ọ̀nà rìn, kò lè gbé ooru lọ. Ó tún ní ìwà kan tí òwú kò ní. Ó lè fa ọ̀rinrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, bí ó bá sì ti ń fà á mu, ooru díẹ̀ a máa jáde lára rẹ̀. Bí a kò bá fọ ọ̀rá àgùntàn tán kúrò lára irun náà, òjò wínníwínní a máa yí dànù lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Àgùntàn bọ̀lọ̀jọ̀ ti ilẹ̀ tiwa kò ní irú irun yìí. Tirẹ̀ kúrú, ó sì nà bí ti ewúrẹ́, nítorí pé Ẹlẹ́dàá kì í di ẹrù òtútù lé orí ẹran tí ó bí sínú oòrùn. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi jókòó ti òwú, tí wọ́n ń hun kíjìpá lórí òfì òòró, aṣọ líle tí bàbá ń yí mọ́ra lóru, tí ìyá fi ń gba ọ̀já mọ́ ọmọ lẹ́yìn, tí ó sì máa ń gbó sára ẹbí kan láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1977, nígbà tí òtútù mú Amẹ́ríkà gidigidi tí gáàsì ìdáná sì ṣọ̀wọ́n, Jimmy Carter, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ààrẹ, jókòó ti iná ààrò nínú ilé ìjọba, ó wọ kádígáànì, ó sì bá gbogbo ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n dín ooru ilé wọn kù sí ìwọ̀n Fahrenheit 65 lọ́sàn-án, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wá sí 55 lóru. Ẹlòmíràn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọn kò retí pé Ààrẹ yóò yọ sí àwọn láìwọ kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta àti yìnyín yóò mọ̀ pé ọgbọ́n àgbà ni. Ẹni tí ó ní ooru lára, kí ni ó ń dáná fún ògiri sí? Ògiri kì í gbọ̀n.

Ọ̀nà tí à ń gbà hun súwẹ́tà kò jọ ti ahunṣọ wa. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí òfì ti ta òwú rẹ̀ síwájú bí ẹni ta okùn gba àgbàlá kọjá, ọ̀kọ̀ sì ń gbé òwú mìíràn la àárín rẹ̀ kọjá, lọ sọ́tùn-ún, bọ̀ sósì. Òwú méjì ni wọ́n ń dábùú ara wọn, aṣọ tí ó sì ti ibẹ̀ jáde a máa le, a máa dúró lójú kan bí ọ̀rọ̀ ọba. Ti súwẹ́tà, okùn kan ṣoṣo ni, abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọ́n sì fi ń kó o: ojú kan á wọ inú ojú kejì, ìkejì á wọ inú ìkẹta, títí yóò fi di àyà, títí yóò fi di apá. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń fà tí ó sì máa ń padà, tí ìgbọ̀nwọ́ bá ká, tí òun náà á bá a ká. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ojú kan bá já tí a kò tètè dí i, gbogbo rẹ̀ lè tú bí àjọ tí alájọ rẹ̀ sá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìlú yìnyín nìkan ni ó ni ìmọ̀ yìí. Nínú àwọn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ gígùn tí ó pẹ́ jù tí ọwọ́ àwọn onímọ̀ tíì tẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n sì ti rí wọn, ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n àwọn ará etíkun àríwá ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wù. Erékùṣù kékeré kan wà nínú òkun tí ó la ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé láàrin, Jersey ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbóná nínú iṣẹ́ aṣọ onírun tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ìlú wọn fi di orúkọ aṣọ; nígbà tí ọmọ wa bá sì dúró lórí pápá tí ó ń lọgun pé, "Jẹ́sì mi dà?", erékùṣù náà ni ó ń pè láìmọ̀. Kádígáànì ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ oyè. Ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, James Brudenell, Earl ti Cardigan, ni ó ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n lé ní 600 kọlu ìbọn àgbá àwọn ará Rọ́ṣíà ní Balaclava, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1854. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà, òun padà. Lónìí, àwọn tí wọ́n mọ ogun náà kò tó nǹkan, àwọn tí wọ́n ń de bọ́tìnnì orúkọ rẹ̀ mọ́ àyà kò sì lóǹkà. Láti ibi ogun kan náà ni fìlà tí ó bo orí bo ọrùn tí ó ku ojú nìkan ti gba orúkọ, èyí tí àwọn ọlọ́dẹ òru wa ń dé nígbà ọyẹ́, tí wọ́n fi ń jọ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ilé nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹni iwájú ti tọ́ òtútù ibẹ̀ wò: Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó wà nínú àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ WASU ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1925, ṣe wàhálà títí wọ́n fi ṣí ilé ìbùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden ní 1933, nítorí pé onílé tí ó máa ń ní yàrá nínú ìwé ìròyìn kì í ní yàrá mọ́ bí ó bá ti ṣílẹ̀kùn rí awọ dúdú. Nǹkan kò tíì yàtọ̀ púpọ̀ nígbà tí bàbá wa dé. Ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án ni ó kàn. Ìkẹwàá ni ti ìyá arúgbó kan, opó, ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland, tí ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, tí ó wo bàtà rẹ̀ tí omi ti wọ̀, tí ó sì sọ pé kí ó wọlé kí òtútù má bàa wọlé ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962 ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, kò sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn títí oṣù Kẹta ọdún 1963 fi wọlé. Ìwọ̀n òtútù oṣù Kìíní ọdún náà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ abẹ́ òdo Celsius. Láti 1740 kò tíì sí ìgbà òtútù tí ó tutù tó èyí níbẹ̀. Omi òkun dì ní etí ìlú Herne Bay. Ṣílè ni ẹ̀rọ iná tó wà nínú yàrá bàbá wa ń jẹ: bí o bá sọ ṣílè kan sí i lẹ́nu, yóò jó fún ọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò pa ojú dé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Alẹ́ ni ó ń lọ ya lẹ́tà sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀sán ni ó ń kàwé, ohun tí ó sì ń sọ fún wa nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Òtútù ọyẹ́ máa ń ta ni létí, ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá ni jókòó."

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá onílé náà gbọ́ bí ó ti ń wúkọ́ láti yàrá òkè. Ó gun àkàsọ̀ lọ bá a, kádígáànì aláwọ̀ ilẹ̀ kan ní ọwọ́ rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú ni. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ já. Ó jókòó sẹ́bàá iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí i níwájú bàbá wa, nígbà tí òwú aláwọ̀ ilẹ̀ sì tán nínú agbọ̀n rẹ̀, ó fi pupa parí rẹ̀. Bàbá wa sọ fún mi pé àyà òun já. Aṣọ òkú! Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wò ó, ọ̀rọ̀ ilé sọ sí i lọ́kàn: lọ́dọ̀ tiwa, ta ni wọ́n máa ń pín aṣọ òkú fún? Ẹbí ni. Obìnrin yìí kò mọ̀ pé bí òun ti fi kádígáànì náà lé ọmọ àjèjì lọ́wọ́, òun ti sọ ọ́ di ọmọ ilé. Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ yàrá náà; ìyá arúgbó rò pé ó dákú ni.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá náà ti máa ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún bàbá wa. Ó ní àwọn erékùṣù kan wà ní etí òkun ilé wọn, Aran ni orúkọ wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun súwẹ́tà funfun bí wàrà, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí okùn ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí ilà ojú ti rí lọ́dọ̀ Yorùbá, kí ó lè jẹ́ pé bí omi bá gbé apẹja lọ tí òkun sì dá òkú rẹ̀ padà, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi súwẹ́tà rẹ̀ dá a mọ̀. Bàbá wa fẹ́ràn ìtàn náà, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ títí mo fi dàgbà tí mo kà nípa rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé inú eré Riders to the Sea tí J. M. Synge kọ, tí wọ́n ṣe ní 1904, ni ìtàn náà ti ta gbòǹgbò, níbi tí àwọn obìnrin ti fi ojú òwú tí ó bọ́ lára ìbọ̀sẹ̀ mọ òkú arákùnrin wọn. Súwẹ́tà Aran fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn obìnrin erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún bí a ti mọ̀ ọ́n yìí, títà ni wọ́n sì ń tà á láti fi rówó bọ́ ọmọ. Irọ́ náà dùn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà tó iyì: iṣẹ́ tí ó ń gbé oúnjẹ wá kò nílò òkú kí a tó bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí ìyá àwọn olórin Clancy, ọmọ Ireland, sì fi irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní New York kí òtútù má bàa pa wọ́n, tí wọ́n wọ̀ ọ́ dé orí ètò tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan ní 1961, gbogbo Amẹ́ríkà dìde, wọ́n ń wá a rà. Àánú ìyá ni wọ́n ń rà. Wọ́n rò pé àṣà ni.

Nílé níhìn-ín, súwẹ́tà ti di ọmọ onílé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣòwò dé Jọ́ọ̀s, ìlú orí òkè tí ó fi mítà tí ó ju 1,200 ga ju òkun lọ, tí òru ọyẹ́ ibẹ̀ sì máa ń mú òṣùwọ̀n wọ abẹ́ Celsius 15, kì í wá ṣe ọdún nílé láìwọ tiwọn. Ọmọ tuntun tí a bí ní Èkó, nínú ooru oṣù Kẹta, yóò bá súwẹ́tà kékeré, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nílẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀ yóò sì kó o sínú gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ti ibi tí ó tutù púpọ̀ bọ̀, èyí tí ó lè jẹ́ òtítọ́. Àwọn omidan tí ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí oòrùn ti pọ́n lójú láti ilé, yóò dé ìdí iṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì sọ wọ́n di ará Jọ́ọ̀s. Ẹ wo ẹ̀yìn àga wọn, kádígáànì ń bẹ níbẹ̀.

Èmi náà ní tèmi nílé ẹ̀kọ́, aláwọ̀ ewé, ojúlówó irun àgùntàn, tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù rà fún mi ní 1968. Mo fi ìfẹ́ tí mo ní sí i sè é. Mo gbé omi kaná, mo da ọṣẹ sí i, mo bọ̀ ọ́ bí a ti ń bọ àkísà aláró, mo fún un, mo sì sá a sórí okùn nínú oòrùn ganrínganrín. Nígbà tí mo padà dé, ohun tí ó wà lórí okùn kò lè wọ ọmọ ọdún mẹ́ta. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní lára. Bí omi gbígbóná àti ìfúnpọ̀ bá dé bá a, àwọn ìpẹ́ náà yóò há mọ́ ara wọn, wọn kò sì ní tú mọ́ láéláé. Bàbá wa kò nà mí. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, ó fọ kádígáànì tirẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kò fún un, inú aṣọ ìnura ni ó ká a sí tí ó fi ọwọ́ tẹ omi rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí ẹní lábẹ́ òjìji. "Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ọ rí," ni ó wí, "pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn? Ìwọ rò pé òwe ni."

Nígbà tí bàbá náà papò dà, èmi ni kádígáànì náà kàn. Mo wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọyẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; kádígáànì náà ni àkísà tí ó gbé mi níyì jù. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan ń lọ kàwé ní Kánádà. Mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dá a padà tìtìjú-tìtìjú: ó ní òun ti ra jákẹ́ẹ̀tì tuntun, àti pé òwú pupa ìgbọ̀nwọ́ yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò máa wò ó. Mi ò bá a jà. Òun ṣì wà nínú aṣọ tí ń kí ojú ayé. Ní oṣù Kìíní, láàárín òru, iṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kádígáànì Bàbá Lọ́ńdọ̀nù yẹn ṣì wà?"

Ẹni tí ń lọ sí Kánádà ni mo fi rán. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, aṣọ opó ará Ireland, tí ó la Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, tí ó tún padà sínú yìnyín.

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo gba ọjà òkìrìká lọ. Ìyá aláṣọ kan ti tú béèlì rẹ̀ sórí tapólì, súwẹ́tà sì gbárajọ níwájú rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Mo fa eléérú kan yọ, mo fi í sí imú, mo fi ìka rà á, mo sì béèrè bóyá mo lè tọ́ fọ́nrán òwú kan wò nínú iná, nítorí pé irun àgùntàn a máa rùn bí irun tó jó, ayédèrú rẹ̀ a sì máa yọ́ bí ọ̀rá.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ má jó ọjà mi o!" ni ìyá náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹni tó ń rà á báyìí, tìrìnàjò ni. Ọmọ yín wo ló ń lọ, sà? Kánádà ni àbí Lọ́ńdọ̀nù?"

Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, mo ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́.

"Kò sí ẹni tí ń lọ, ìyá," ni mo wí. "Ọyẹ́ ni ó ń bọ̀."